Martiniano, awo tó ń dá Ifá nínú ilé ẹ̀ ní Bàhíà



Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé ṣé ó dìgbà téèyàn bá dé ojúbọ ńlá kó tó gbọ́ ohun tí òrìṣà ń wí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn bàbá kan dáhùn.

Ọdún 1859 ni wọ́n bí Martiniano Eliseu do Bonfim ní ìlú Salvador, ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Brazil. Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí ni àwọn òbí ẹ̀. Ní 1875, bàbá ẹ̀ mú un wá sí Èkó, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1886. Ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà awo ló ti kọ́ Ifá. Ìlú kan náà, ẹ̀kọ́ méjì!

Nígbà tó padà sí Salvador, ó ṣì ku ọdún méjì kí wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ àwọn èèyàn wà lára ohun tó fi ń jẹun. Àmọ́ Ifá ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Inú ilé tó ń gbé náà ni wọ́n ti ń wá a wá.

Ẹ má ṣì í gbọ́ o: elégùn ni òrìṣà máa ń gùn. Babaláwo ní tiẹ̀, ojú ẹ̀ á dá, odù ló ń kà. Ní Bàhíà, iṣẹ́ méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni. Ìyá Aninha, tó dá Opó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní 1910, ọ̀rẹ́ Martiniano ni. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣètò oyè àwọn Ọbà Ṣàngó 12, láyé ìgbà tí ọlọ́pàá ṣì ń da àwọn onílù òrìṣà láàmú. Ní 1937, wọ́n fi bàbá yìí ṣe ààrẹ ọlọ́lá ní àpérò ńlá lórí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn dúdú ní Salvador. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ò gbẹ́yìn, látorí Nina Rodrigues títí dé Ruth Landes, wọ́n ń lọ gbẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ó kú ní 1943. Ibi tó dùn mí nìyí: ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní babaláwo ńlá ìkẹyìn ní Bàhíà ayé ọjọ́un. Lẹ́yìn ẹ̀, owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́ àwọn ìyálórìṣà ló gbilẹ̀, ikin àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ wá di ohun téèyàn ń wá kiri.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ilé kékeré ò dí Ifá lọ́wọ́. Àìsí ọmọ awo tó jókòó ti àgbà ló ń pa á. Bí àgbà kan bá ń dá Ifá ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, ẹ lọ jókòó tì í.