FẸLÁ ANÍKÚLÁPÓ-KÚTÌ: OLÓRIN, Ẹ̀RỌ AGBOHÙNSÍLẸ̀ ÀTI ÀṢÀ

Ìfáárà
Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni ó ń gbé orin dé ibi tí ẹsẹ̀ olórin kò lè dé. Ẹ̀rọ yìí kan náà ni a fi lè yí orin padà lẹ́yìn ẹni tí ó ni ín. Ìgbésí ayé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì fi ojú méjèèjì hàn kedere.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 1938 ni a bí Fẹlá ní Abẹ́òkúta. Àlùfáà Israel Ransome-Kuti ni baba rẹ̀. Fúnmiláyọ̀, tí ó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, ni ìyá rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, baba-bàbá rẹ̀, ti kọ orin ẹ̀sìn Kristi ní èdè Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwo orin kì í ṣe àjèjì sí ìdílé náà, nígbà náà. Ní 1958, Fẹlá náà gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó sì kọ́ nípa orin ní Trinity College of Music. Ó padà sílé ní 1963.

Orin ní Ọ̀nà Mọ́tò Agége
Lẹ́yìn ìrìn-àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1969, ọ̀rọ̀ ìran adúláwọ̀ di kókó nínú orin rẹ̀. Ó da jáàsì, háíláìfù, ìlù Yorùbá àti lílé òun gbígbè pọ̀ di Afrobeat. Tony Allen ni onílù rẹ̀. Kò jẹ́ kí àwo pàṣẹ fún orin. Orin kan ṣoṣo a máa gba ojú kan àwo. Confusion (1975) tilẹ̀ gba ojú méjèèjì. Bí orin bá sì ti wọ inú àwo tán, kì í sábà kọ ọ́ lójú agbo mọ́. Lójú tirẹ̀, agbo ni ilé orin. Àwo kàn ń jíṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun dáná sun Kalakuta, ilé rẹ̀ ní Ọ̀nà Mọ́tò Agége. Wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti orí òkè ilé; ìyá náà kú ní 1978. Ohun èlò orin àti téèpù bá iná lọ. Nígbà tí ó yá, Fẹlá tẹ̀dó sí Ìkẹjà: ó ń gbé ní òpópónà Gbemisọ́lá, ó sì ń ṣeré ní Afrika Shrine ní òpópónà Pepple.

Ẹ̀wọ̀n àti Army Arrangement
Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà bí ó ti ń lọ ṣeré ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ ni ó wà tí wọ́n fi gbé téèpù Army Arrangement fún Bill Laswell, tí ó jẹ́ ará Amẹ́ríkà. Laswell tún orin náà tò, ó sì fi ìlù oníná ti Sly Dunbar àti dùùrù Bernie Worrell kún un. Àwo náà jáde ní 1985. Nígbà tí Fẹlá gbọ́ ọ, inú rẹ̀ kò dùn rárá. Orin tí ó fi bú àwọn alágbára ti gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò lè jáde wá sọ̀rọ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1986.

Ìgúnlẹ̀
Fẹlá jáde láyé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997. Ọgbà ilé rẹ̀ ní òpópónà Gbemisọ́lá ni wọ́n sin ín sí. Ilé náà di mùsíọ́mù ní 1012 + 1000, ìyẹn 2012. Lónìí, kọ̀ǹpútà kékeré lè ṣe ohun tí ó gba ilé-iṣẹ́ ńlá ní 1985: yóò gé ohùn, yóò pààrọ̀ ìlù, yóò sì fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé e ká ayé. Ẹ̀rọ náà kò ní ẹ̀bi. Àwọn Yorùbá gbà pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní orin ìbílẹ̀ fi ìlànà yìí sí iwájú ẹ̀rọ gbogbo.