Ìtàn Louis Braille, Atẹdùùrù Tí Ó Fi Ìwé Lé Afọ́jú Lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ orúkọ Kokoro, olórin afọ́jú ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹni tí ó fi sámbà àti ohùn rẹ̀ jẹun ní ìgboro Èkó. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú nílé àti lẹ́yìn odi lọ́dún yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ọmọ Faransé ni, atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì sì ni. Louis Braille ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1809 ni a bí i ní Coupvray, abúlé kan tí kò jìnnà sí Párìsì. Iṣẹ́ awọ ni baba rẹ̀ ń ṣe. Ìjánu àti gàárì ẹṣin ni ó ń rán. Nígbà tí Louis di ọmọ ọdún 3, ó mú ìlu tí baba rẹ̀ fi ń dá awọ lu, ó fi ń ṣeré, irin náà sì gún un lójú. Egbò náà kẹ̀, ó ran ojú kejì. Nígbà tí yóò fi pé ọmọ ọdún 5, ojú méjèèjì ti fọ́ pátápátá.

Láyé ìgbà náà, bárà ni ìpín ọ̀pọ̀ afọ́jú. Ṣùgbọ́n baba Louis gbẹ́ ọ̀pá fún un kí ó lè máa rìn kiri abúlé. Àlùfáà ìjọ wọn ń kọ́ ọ. Olùkọ́ abúlé sì gbà á láàyè láti jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn tí ó ríran. Ní 1819, wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwé àwọn afọ́jú tí Valentin Haüy dá sílẹ̀ ní Párìsì ní 1785. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ dùùrù àti cello. Ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Nicolas-des-Champs láti 1834 títí di 1839, òun náà sì di olùkọ́ ní ilé-ìwé tí ó ti kàwé.

Ìwé tí wọ́n ń kà níbẹ̀ nígbà tí ó dé tóbi, ó wúwo, afọ́jú kò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú rẹ̀. Ní 1821, ológun àtijọ́ kan, Charles Barbier, mú ọgbọ́n kan wá: kókó kéékèèké 12 tí ó wú sókè lójú ìwé, tí ènìyàn lè fi ìka kà nínú òkùnkùn. Louis rí i pé kókó 12 pọ̀ ju ohun tí orí ìka kan lè mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, kò sì simi. Ní 1824, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 péré, ó ti dín wọn kù sí 6. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1829 kò mọ sórí ọ̀rọ̀ nìkan. Ó fi àmì orin sí i pẹ̀lú, kí afọ́jú lè fi ìka ka orin, kí ó há a sórí, kí ó sì tẹ̀ ẹ́. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ìbátan ìlu tí ó fọ́ ọ lójú, ni ó fi ń kọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ afọ́jú, Foucault, fi ọgbọ́n wọn pọ̀, ẹ̀rọ tí afọ́jú lè fi kọ lẹ́tà sí àwọn tí ó ríran sì jáde ní 1841. Síbẹ̀, ọ̀gá kan ní ilé-ìwé náà gan-an fi òfin de ìwé kókó yìí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ títí di 1844, nígbà tí a fi í hàn ní gbangba. Ikọ́ ife pa Louis ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1852, ní ọmọ ọdún 43. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé tó gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 1952, Faransé gbé egungun rẹ̀ lọ sí Panthéon láàárín àwọn ẹni ńlá wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kù sí Coupvray.

Ẹ̀yin ará, bí olùkọ́ abúlé yẹn bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ni à bá gbọ́ nípa Louis? Ọwọ́ àwa olùkọ́ kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. A ti rí ọmọ tí kò ríran lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, a sì ti ní kí ó padà sílé. Láti 1962 ni ilé-ìwé Pacelli ti wà fún àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè, Èkó kò sì jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní agbo ilé rẹ̀, kí ó má ṣe fi í pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Kí ó fi tó ẹgbẹ́ wa létí, kí a lè jùmọ̀ wá ilé-ìwé fún un.