I.B. Thomas: Ọkùnrin tó fi lẹ́tà kan mú tọmọdé tàgbà l'Ékòó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìròyìn mélòó lẹ kà dópin láàárọ̀ yìí? Àwọn oníwèé ìròyìn ń kígbe pé ọ̀dọ́ ò kàwé mọ́. Àwọn àgbà náà ní ìròyìn orí fóònù ò sọ ohun tó kan àwọn. Àmọ́ ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọkùnrin kan ti wá nǹkan ṣe sọ́rọ̀ yìí l'Ékòó. Isaac Babalọlá Thomas lorúkọ ẹ̀.

Ọdún 1888 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe kó tó bọ́ sídìí ìwé ìròyìn. Nígbà tó dá Akéde Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1928, ọjà ti kún. Èkó Àkéte ti jáde lọ́dún 1922, Elétí Ọfẹ lọ́dún 1923, Yorùbá News n'Íbàdàn lọ́dún 1924. Àwọn tó mọ̀wé kà ò sì tíì pọ̀. Kí ni yóò mú kí wọ́n máa ra tiẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Lóṣù keje ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara ẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Ó ní òun ti fi ẹwà jayé nígbà kan, ọkọ òun ò lóǹkà, àìsàn ti wá dá òun gúnlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tọ́rọ̀ já sí, àfi kó dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọgbọ́n ibẹ̀ rèé. Lẹ́tà náà ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń fa orin tó gbòde láyé àtijọ́ yọ. Àgbà tó bá kà á, á rántí ìgbà èwe ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá kà á, á rí ìkìlọ̀, á tún rí òfófó. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé obìnrin náà wà lóòótọ́, wọ́n sì ń kọ̀wé nípa ẹ̀ sí Akéde Èkó. Bẹ́ẹ̀, Thomas fúnra ẹ̀ ló ń kọ gbogbo ẹ̀! Lọ́dún 1930, ó kó o jọ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí oníwèé ìròyìn máa fi ìtàn àròsọ ṣe òótọ́ fún wa. Ìròyìn òfegè tó wà nígboro ti tó. Ohun tí mo rí kọ́ lára Thomas ni pé kò kọ ojú ewé kan fún bàbá, kó kọ òmíràn fún ọmọ. Ìtàn kan ṣoṣo ni, oníkálukú sì rí ìpín tiẹ̀ níbẹ̀. Ó tún fún òǹkàwé láyè láti fèsì.

Thomas kú lọ́dún 1963. Bí ìwé ìròyìn Yorùbá ò bá ní kú tẹ̀ lé e, iṣẹ́ dọwọ́ àwa náà. Lálẹ́ òní, ẹ ka ìròyìn kan sétí ìyá yín àgbà, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí láyé tiwọn. Ẹ ó rí i, ọ̀rọ̀ ò ní tán bọ̀rọ̀.