Nikolai Vavilov, ẹni tí ó kó irúgbìn ayé jọ

Ní ọdún 1887 ni a bí Nikolai Vavilov ní ìlú Moscow, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Nígbà náà, bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ìyàn a mú. Ní 1921, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ebi pa ní ẹ̀bá odò Volga. Vavilov fi ayé rẹ̀ wá irúgbìn tí ọ̀dá kò lè tètè pa.

Ó mọ̀ pé irúgbìn tí àwọn àgbẹ̀ ti gbìn láti ìran dé ìran lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tàbí ilẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, a máa fara da ìyà. Bí a bá mú un gùn pẹ̀lú irúgbìn tí ń so púpọ̀, ọmọ wọn lè jogún agbára méjèèjì. Nítorí náà ni ó ṣe rin ìrìn àjò dé Afghanistan ní 1924 àti Etiópíà ní 1927. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó irúgbìn tí ó lé ní 200,000 jọ sí ìlú Leningrad.

Ṣùgbọ́n àwọn alátakò rẹ̀ rí ojú rere Stalin. Ní 1940, ìjọba mú un. Ní 1943, ebi pa á sínú ẹ̀wọ̀n ní Saratov. Ní àkókò náà, ogun ká Leningrad mọ́. Díẹ̀ nínú àwọn tí ń ṣọ́ irúgbìn náà kú sí ẹ̀gbẹ́ àpò ìrẹsì. Wọn kò jẹ ẹ́.

Ní 1955, ìjọba dá Vavilov láre. Irúgbìn náà wà títí di òní.