Ìtàn Ìgbésí-Ayé Olóògbé Àìná Ọnàbólú, Ayàwòrán

Bí a bá ń ka àwọn ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde tí òkìkí wọn ti kọjá odi ìlú yìí, àwọn oníṣòwò ni a sábà ń kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn wọn àwọn agbẹjọ́rò àti òṣèlú, lẹ́yìn náà àwọn àlùfáà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí ọkùnrin tí ó fi pẹ́ńsùlù àti ọ̀dà sọ ara rẹ̀ di ẹni ńlá. Nítorí náà ni a fi rò pé ó tọ́ kí Olóògbé Àìná Ọnàbólú rí àyè nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, kí àwọn ọmọ wa tí ń bẹ nílé àti àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn odi lè mọ ẹni tí í ṣe.

Ọdún 1882 ni a bí i ní ìlú yìí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àìná. Ọmọ tí ó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé ni a ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ibòmíràn a máa rò pé obìnrin nìkan ni í jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ọkùnrin náà a máa jẹ́ Àìná. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni ó yẹ kí a dúró wò díẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ àwọn orúkọ bí Ọnàbánjọ, Ọnàdìpẹ̀ àti Ọnàfowókàn. Ọnà tí ó wà nínú wọn kì í ṣe ọ̀nà tí à ń tọ̀. Ọnà ti àwọn agbẹ́gilére, àwọn arọdẹ àti àwọn ahunṣọ ni. A kò sọ pé orúkọ ni ó sọ ọ́ di ayàwòrán o, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọnà ni ó wà láàrin wa tí kò lè ya ìgò kí ó dúró. Ṣùgbọ́n ìlú tí a bí i sí kì í ṣe ìlú tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́. Aṣọ olọ́nà tí àwọn obìnrin wa ń hun àti ìtagbè tí àwọn Òṣùgbó ń gbé lé èjìká ti wà kí òyìnbó tó dé.

Nǹkan bí ọmọ ọdún 10 ni nígbà tí ogun Ìmàgbọn ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì sì wọ ìlú. Kí ó tó di ìgbà náà àwọn baba wa kò fẹ́ kí oníwàásù òyìnbó gba ilẹ̀ wọn kọjá; lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé-ìwé àti ilé ìsìn bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀. Àwòrán inú ìwé ni ó gba ọmọ yìí lọ́kàn. Ìwé ìsìn ni o, ìwé ìpolówó ọjà òyìnbó ni o, èyíkéyìí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ni ó ń wò ní àwòfín, tí ó sì ń ya ohun tí ó rí níbẹ̀, tí ó tún ń yà á, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn lára. Kò sí olùkọ́ kan tí ó kọ́ ọ. Ní ilé-ìwé ìgbà náà, ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣírò àti ẹ̀kọ́ ìsìn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ. Ẹni tí ó bá ń ya àwòrán ń fi àkókò ṣòfò ni.

Nígbà tí ó parí ìwé, ó gba iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Èkó, ibẹ̀ ni ó sì wà fún nǹkan bí ogún ọdún. Kí a má ṣe fojú kéré iṣẹ́ akọ̀wé láyé ìgbà náà. Ẹni tí ó bá wọ kóòtù tí ó sì ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba ti di ènìyàn pàtàkì lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Ohun tí ó kù kò ju kí ó fẹ́ ìyàwó, kí ó kọ́ ilé, kí ó sì máa retí owó ìfẹ̀yìntì. Ọnàbólú kò fi iṣẹ́ náà ṣeré, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó gba gbogbo ara rẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni ìgbà àwòrán. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ń bọ́ ọ. Àwòrán ni ó ń dùn mọ́ ọn.

A fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìtàn ọkùnrin náà wà. Fún ogún ọdún kò sí ẹni tí ó ṣèlérí ipò kankan fún un nítorí àwòrán. Kò sí ìdánwò tí yóò ṣe yege nínú rẹ̀. Ó kàn rí i pé ayé tí ó yí òun ká yẹ ní wíwò. Ẹni tí kò bá tíì gbìyànjú láti ya ojú ènìyàn rí kò lè mọ bí ìdùnnú náà ti rí. A ti ń rí ojú bàbá wa láti kékeré, a rò pé a mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí a bá mú pẹ́ńsùlù ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé etí rẹ̀ kan kéré ju èkejì lọ, pé òjìji tí ń bẹ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kò dúdú tó bí a ti rò, àti pé ìlà ojú rẹ̀ kò tọ́ rárá. Gèlè tí ìyàwó ẹni ń wé lójoojúmọ́ di ohun tí a lè jókòó tì fún wákàtí kan. Ẹni tí ó ní irú ojú bẹ́ẹ̀ kò lè ráhùn pé ọjọ́ òun ṣófo.

Ní ọdún 1906, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 24, ó ya àwòrán ìyáàfin kan ní Èkó, Ìyáàfin Spencer Savage. Ọ̀dà olómi ni ó fi yà á. Ọ̀dà yìí kì í gba àṣìṣe; bí ó bá ti mu sínú ìwé kò ṣe é nù kúrò mọ́, ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò sì gbé wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ayàwòrán ti gbọ́dọ̀ fi funfun ìwé sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọkùnrin yìí níṣẹ́ yóò mọ̀ pé ohun ńlá ni ó ṣe. Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́lá Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí jókòó fún un. Ọ̀kan nínú wọn ni Dókítà Ògúntọ́lá Sápárà, ẹni tí ó bá àrùn ìgbóná jà tokuntokun.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń jẹ Ọnàbólú lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ni ó gbàgbọ́ nígbà náà pé aláwọ̀ dúdú lè fọwọ́ ṣe iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n pé kò ní làákàyè tí a fi ń ya ènìyàn kí ó jọ ènìyàn. Ní ọdún 1910 gan-an ni ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀, tí ó rí àwọn orí amọ̀ àti idẹ tí ó rẹwà níbẹ̀, tí ó sì sọ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ni ọgbọ́n wọn ti wá. Ọnàbólú fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní koro. Ó tún rí i pé bí òun nìkan bá mọ̀ ọ́n yà, wọn yóò pè é ní ẹni àrà ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí síbẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ń rọ ìjọba pé kí wọ́n fi àwòrán yíyà sínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ náà kò tètè wọ̀ wọ́n létí.

Ní ọdún 1920 ó pàtẹ àwọn àwòrán rẹ̀ fún àwọn ará Èkó láti wò, ó sì tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí iṣẹ́ náà. Ní ọdún kan náà, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 38, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mú ara le nínú àga akọ̀wé àgbà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ jókòó gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé ní St John's Wood. Ó sì tún kọ́ ẹ̀kọ́ ní Académie Julian ní Paríìsì. Ní ọdún 1922 ó ya ọmọbìnrin kan pẹ̀lú ọ̀dà olóróró, èyí tí a mọ̀ sí Sisi Nurse, ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ.

Nígbà tí ó padà dé, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbé dání. Láti ilé-ìwé kan sí òmíràn ní Èkó ni ó ń lọ. Ohun tí ó ń tẹnu mọ́ jùlọ ni bí a ti ń ya ohun tí ó jìnnà kí ó kéré ju èyí tí ó wà nítòsí lọ, bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì ti í máa sún mọ́ ara wọn títí wọn yóò fi pàdé lókèèrè lójú ẹni tí ó dúró. Ó tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi sọ ọ́ ní Mister Perspective. Àwa olùkọ́ mọ̀ pé bí ọmọ bá sọ ènìyàn ní orúkọ, ẹ̀kọ́ ti wọlé nìyẹn.

Nítorí pé iṣẹ́ náà ju agbára ẹnì kan lọ, ó rọ ìjọba kí wọ́n mú olùkọ́ kún un. Òyìnbó tí wọ́n sì mú wá ní ọdún 1927 ni Ọ̀gbẹ́ni Kenneth Murray. Ọ̀nà àwọn méjèèjì kò papọ̀. Ọnàbólú fẹ́ kí ọmọ dúdú ya ohun tí òyìnbó ń yà, bí òyìnbó ti ń yà á. Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ ya ọjà, oko àti ọdún ìlú wọn, kí wọ́n má sì kọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wọn sílẹ̀. Ní ọdún 1937 Murray kó iṣẹ́ márùn-ún nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ pàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ben Enwonwu wà lára wọn.

Ta ni ó jàre nínú wọn? Lójú tiwa, Ọnàbólú ṣe àṣìṣe nígbà tí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé iṣẹ́ ọnà àwọn baba wa ṣì rí jákujàku. Ẹni tí ó dàgbà ní ìlú aṣọ olọ́nà kò yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè fi í bú. Ní ọdún 1938 ni wọ́n gbẹ́ àwọn orí idẹ jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí ojú wọn jọ ojú ènìyàn gidi, tí ọjọ́ orí wọn sì pọ̀ ju ìgbà tí òyìnbó dé lọ. Ohun tí Ọnàbólú fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ láti inú ìwé òyìnbó ti wà nílẹ̀ Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́.

Níhìn-ín a ó jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹrin, a ya ewúrẹ́ kan sí ẹ̀yìn ìwé ìṣírò wa. Inú wa dùn sí ewúrẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbàgbé ìṣírò. Olùkọ́ wa fa ojú ìwé náà ya, ó sì nà wá. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí a ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí àwa náà sì ti ní kíláàsì tiwa, a bá ọmọkùnrin kan tí ó ń ya ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ohun kan náà ni a sì ṣe sí i. A kò mọ ibi tí ọmọ náà wà lónìí. Nísinsìnyí, bí a bá rí irú rẹ̀, a máa ń ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ parí ìṣírò, lẹ́yìn náà kí ó fi àwòrán hàn wá. Iṣẹ́ ọnà wà nínú ètò ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí a ti dé, wákàtí rẹ̀ ni olùkọ́ fi ń parí ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ọdún 1963 ni Àìná Ọnàbólú dolóògbé, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tàbí bí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé e. Ó rí òmìnira Nàìjíríà, ó sì rí i tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń kọ́ àwòrán yíyà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga nínú orílẹ̀-èdè tiwọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a fẹ́ bá àwọn ọmọ ìlú sọ, pàápàá àwọn tí wọ́n ní ilé àgbà ní Èkó àti níhìn-ín. Ọkùnrin yìí ya àwòrán fún ọ̀pọ̀ ìdílé láàrin ọdún 1906 àti ìgbà ikú rẹ̀. Bí a bá ń tún pálọ̀ bàbá àgbà ṣe, tí a sì rí àwòrán tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí nínú férémù tí ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ, kí a má ṣe tètè gbé e lọ sí ààtàn tàbí kí a tà á fún oníférémù. Kí a kọ́kọ́ wo igun rẹ̀ nísàlẹ̀ bóyá a ó rí orúkọ Ọnàbólú níbẹ̀. Bí a bá rí i, kí a má ṣe fi omi nù ún, kí a má gbé e sí oòrùn, kí a sì fi tó akọ̀wé ẹgbẹ́ létí.