Sheikh Muhammad Al-Kishnawi, Ọmọ Katsina Tó Kọ́ Wọn ní Ìṣirò ní Káírò

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé láti òkèèrè ni wọ́n ti gbé gbogbo ìmọ̀ Lárúbáwá wá bá wa, pé àwa aláwọ̀ dúdú kò fi nǹkan kan kún un. Ìtàn àáfà yìí kò jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀.

Muhammad bin Muhammad ni orúkọ rẹ̀. Fúlàní ni, nítorí Katsina ni wọ́n sì ṣe ń pè é ní Al-Kishnawi. Ọ̀dọ̀ àwọn àáfà ilẹ̀ Hausa àti Borno ló ti kàwé kó tó lọ sí Hájì. Lẹ́yìn èyí ló jókòó sí Káírò, ní ilẹ̀ Íjíbítì.

Ní ọdún 1732, ó kọ ìwé kan lédè Lárúbáwá lórí àpótí nọ́mbà, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní wafq. Ẹ mú wàláà yín, kí ẹ kọ ọ́ báyìí:

4   9   2
3   5   7
8   1   6

Ẹ ro ó ní ìbú, ẹ ro ó ní òró, ẹ ro ó láti igun dé igun: 15 ni. Bí ẹ bá yí i po tàbí tí ẹ bá dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, 15 náà ni. Àpótí tí iye ilà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni Sheikh náà gbájú mọ́. Nínú irú rẹ̀, ẹ mú nọ́mbà tó wà láàárín gbogbo wọn, kí ẹ fi iye ilà sọ ọ́ di púpọ̀. 5 lọ́nà 3 ni 15. Fún ilà 5, 13 ló wà láàárín, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 65. Fún ilà 7, 175 ni. Kódà bí a bá mú 101, tí nọ́mbà kankan kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, 5,101 ni yóò wà láàárín, àròpọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ 515,201. Ẹni tí wàláà rẹ̀ bá fẹ̀ tó, kó dán an wò.

Mo mọ̀ pé inú tírà ni àwọn kan ti ń rí àpótí yìí. N kò ní fi òótọ́ pamọ́: Sheikh náà kọ̀wé lórí àṣírí háráfì pẹ̀lú, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni 15 yẹn. Bí ẹnikẹ́ni ní Àgbádárìgì bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì kejì wa yóò kọ ọ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ó kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kó má jáwọ́ bí iṣẹ́ náà kò bá tètè bọ́ sí i.

Ní Káírò, Hasan al-Jabarti, tí òun náà jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀, jókòó níwájú rẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́. Ilé Hasan yìí ni Sheikh kú sí ní 1741, Hasan ló sì fi ṣe alámòójútó ohun tó fi sílẹ̀. Ní 1753 ni wọ́n bí Abd al-Rahman, ọmọ Hasan. Kò rí Sheikh sójú rí, ṣùgbọ́n nígbà tó kọ ìwé ìtàn Íjíbítì tí gbogbo ayé mọ̀, ó kọ ìtàn ìgbésí ayé olùkọ́ bàbá rẹ̀, ọmọ Katsina, sínú rẹ̀.