Alessandro Volta àti Afẹ́fẹ́ inú Irà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi láti Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà, nígbà tí mo kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì ní Accra, mo sọ fún àwọn ọmọ pé orúkọ Alessandro Volta ni a fi sọ Odò Volta. Àṣìṣe gbáà ni. Àwọn atukọ̀ Potogí ni wọ́n sọ odò náà lórúkọ, ó lé ní igba ọdún kí a tó bí ọkùnrin yìí. Ìtìjú náà ni ó mú mi wá ìtàn rẹ̀ kà.

Ìlú Como ní ilẹ̀ Ítálì ni a bí i sí ní ọdún 1745. A gbọ́ pé ó pẹ́ kí ó tó fọhùn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi rò pé odi ni. Síbẹ̀, olùkọ́ ni ó dà, ní Como àti lẹ́yìn náà ní yunifásítì Pavia. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1776, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lórí Adágún Maggiore, ó fi ọ̀pá ro ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, ó sì gba afẹ́fẹ́ tí ń hó jáde sínú ìgò. Nígbà tí ó fi iná kàn án, ó jó. Afẹ́fẹ́ náà ni à ń pè ní mẹ́téènì. Ó fi í wé háídírójìn, tí Cavendish ará England ti ṣàlàyé ní 1766, ó sì rí i pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní ọdún 1800 ni ó kéde bátìrì tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ó kú ní ọdún 1827.

Ohun tí kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ nígbà ayé rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ méjèèjì yìí a máa bá ara wọn pàdé ní òfurufú. Èròjà kan tí ń jẹ́ háídírọ́síìlì ni agbálẹ̀ ibẹ̀. Òun ni ó ń gbá mẹ́téènì kúrò, èyí tí í máa wà ní òfurufú fún nǹkan bí ọdún 10. Ṣùgbọ́n agbálẹ̀ kan náà ni ó ń gbá háídírójìn. Bí háídírójìn bá ń jò jáde láti inú páìpù wa, ọwọ́ agbálẹ̀ a dí, mẹ́téènì a pẹ́ sí i, ayé a sì túbọ̀ máa móoru. Nítorí náà, àwọn tí ń fẹ́ fi háídírójìn rọ́pò epo gbọ́dọ̀ dí ojú ihò.

Ní ọdún 1965, ìdídò Akosombo sọ igbó ńlá di Adágún Volta. Igi àti ewé tí ń jẹrà ní ìsàlẹ̀ irú omi bẹ́ẹ̀ a máa tú mẹ́téènì jáde. Orúkọ odò wa kì í ṣe ti ọ̀gbẹ́ni náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Mo padà sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ máa ro ẹrẹ̀ wò kí a tó sọ̀rọ̀.